Ohun Tí Alágbàfọ̀ Náà Kò Sọ

Ẹgàn, lẹ́bàá Ìgàndó,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀ní, ọmọ mi àtàtà,

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé bébà ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọjọ́bọ̀ la sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a tún sọ̀rọ̀ lánàá. Lẹ́ẹ̀mejèèjì lo bi mí ní ìbéèrè kan náà, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Èmi ni mi ò tíì ṣe tán láti dáhùn.

Jẹ́ kí n kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ níbí, kí n má baà tún rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́. O bi mí bóyá mo ti fojú kan ìwé àfọwọ́kọ kan rí, tó sọ ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ náà lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ jáde. O sì sáré fi kún un pé, "Ó lè jẹ́ èmi ni mi ò kà á dáadáa o, Mọ́mì." O kà á dáadáa. Mo ti fojú kàn án rí. Ó ti lé lógún ọdún.

Lẹ́tà yìí á gùn, nítorí náà wá ibi tó dáa jókòó sí. Bàbá rẹ ti yọjú wò mí lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ìyá Àbẹ̀ní, ṣé ìwé ìhágún lò ń kọ ni?" Mo ní kò jìnnà sí i. Ó ní kí n ṣáà rántí pé òun ló ni àga tí mo jókòó lé.

O ti di olùkọ́ yunifásítì báyìí, mo sì dúpẹ́. Ìwé rẹ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé kí oṣù yìí tó parí, bí kò bá sì jáde, wọn ò ní fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Mo tún mọ̀ pé orí kẹta ìwé náà ni òpó tó gbé ìyókù dúró, àti pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni òpó náà fúnra rẹ̀ dúró lé. Wọ́n ní obìnrin alágbàfọ̀ kan ló sọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọba wọn àti ilé aṣòfin wọn ń bá ara wọn jagun. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé gbólóhùn yẹn síwájú àwọn onímọ̀. Inú àpilẹ̀kọ mi lo ti bá a.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ lórí iṣẹ́ yìí kò pọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò ná mi ní nǹkan. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Má retí kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé òfin.

Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. O kò bá mi ní ìjọ aláṣọ funfun. Kí n tó bí ọ ni mo ti fẹ́ bàbá rẹ, tí mo sì tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, níbi tí ẹ̀mí kì í ti í gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú sùtánà la ti tọ́ èmi dàgbà. Ní ìjọ wa, bí ẹ̀mí bá gbé aríran, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, kó máa kọ gbogbo ohun tó bá ń sọ. Aríran kì í rántí nǹkan kan tó bá jí. Ohun tí akọ̀wé bá kọ ló kù. Wọ́n á kà á fún olórí ìjọ, wọ́n á sì da ẹ̀dà kan kọ fún ẹni tí ìran náà kàn, kó mú un lọ sílé.

Mo wá sílé fún ìsinmi, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé ìran nítorí pé ọwọ́ mi yá, ìwé mi sì ṣeé kà. Aríran tí mo ń jókòó tì ni Ìyá Aránṣọ, tó ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ náà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kò mọ̀wé, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀mí bá gbé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń já wẹ́wẹ́ bí àgékù aṣọ. Á sọ ìdajì, á dákẹ́, á ní òun ò mọ̀, á tún padà sí ìdajì tó kọ́kọ́ sọ. Èmi tí wọ́n ń yìn nítorí àròkọ mi ní yunifásítì, ìdọ̀tí ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí. Mo bá ń tún un ṣe. Mò ń so ó pọ̀, mò ń fi "nítorí náà" sí i, mò ń fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Olórí ìjọ yìn mí níwájú gbogbo èèyàn, ó ní láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìran ti ń yé wọn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, káfíńtà kan tí à ń pè ní Bùròdá Sáyọ̀ wá sí ìsìn. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńlá kan lódìkejì ọ̀sà. Iṣẹ́ olóṣù ni, kò sì ṣe irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Kò wá béèrè bóyá kí òun lọ. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n bá òun gbàdúrà sí i ni. Ẹ̀mí gbé Ìyá Aránṣọ, ohun tó sì sọ nìyí: "Mo rí omi. Mo rí ọkùnrin kan, ó dúró létí omi. N ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ sọdá ni, àbí ó ti sọdá dé. N ò mọ̀." Ohun tí èmi kọ nìyí: "Ẹ̀mí wí pé kí ọkùnrin yìí má ṣe sọdá omi."

Mo rò pé mo ràn án lọ́wọ́ ni. Lójú mi, kí ni omi tún lè túmọ̀ sí?

Bùròdá Sáyọ̀ ká bébà náà sínú àpò, kò sì lọ síbi iṣẹ́ náà. Wọ́n gba ẹlòmíì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó wá bá Ìyá Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti béèrè ìgbà tí òun tún lè sọdá, nítorí iṣẹ́ mìíràn ti yọjú ní apá ibẹ̀. Ìyá Aránṣọ kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n mú ìwé ìran dání. Ó ní kí n ka ohun tí mo kọ. Mo kà á. Ó wá bi obìnrin tó mú àbẹ́là dání lọ́jọ́ náà pé kí ni òun sọ. Obìnrin náà rántí gbogbo rẹ̀, títí kan "n ò mọ̀" méjèèjì.

Kò pariwo. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Ìwọ ọmọ yunifásítì, ta ló ní kó o bá Ọlọ́run parí ọ̀rọ̀?"

Mo ní bí ẹ ṣe sọ ọ́ kò nítumọ̀ ni, mà.

"Kò nítumọ̀ sí ẹ. Ṣé ìwọ lò ń lọ síbi iṣẹ́ ni?"

Bùròdá Sáyọ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń gbọ́. Mo rò pé ó máa bú mi, ì bá sì sàn bẹ́ẹ̀. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Sístà, iṣẹ́ olóṣù ni o." Mi ò rí ohun tí mo lè fi dí i fún un. Títí tí mo fi lọ́kọ, bí mo bá gba Akówọnjọ kọjá, ibẹ̀ náà ló ti ń kan férémù fèrèsé, a sì máa ń kí ara wa dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ nìyí, Àbẹ̀ní. Akọ̀wé tó ń purọ́ kò wọ́pọ̀. Èyí tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ló pọ̀. Ohun tí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ sì kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò ni "n ò mọ̀". Bí o bá ka ìwé àtijọ́ kan tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣiyèméjì níbì kankan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ geere bí ẹni ń ka ìwé, wá ẹni tó jókòó tì í kó o tó gba ohunkóhun gbọ́.

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yẹn tó mi. Kò tó.

Kí n tó dé ibẹ̀, ohun kan wà tí mo ṣe dáadáa, mi ò sì fẹ́ kó o sọ ọ́ nù nítorí ìyókù. Nígbà tí mo dé òkè òkun láti ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lórí èrò àwọn èèyàn ìgbà yẹn nípa ọba àti nípa Ọlọ́run, àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ wa gbà pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó kún inú àwọn ìwé wọn, ìbòrí lásán ni. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wà lábẹ́ rẹ̀: ẹni tó ní Olúwa rán òun sí ọba, owó orí ló ń dùn ún tàbí ilẹ̀. Lọ́kàn mi, mò ń ro àwọn ayálégbé tó kún Ìkòtún. Bí obìnrin kan bá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí onílé má baà lé e jáde, kò fi Ọlọ́run bo ọ̀rọ̀ ilé mọ́lẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Bí onílé bá sì yí ọkàn padà, bó ti wù kó o ṣàlàyé fún un tó pé òfin ìjọba ló ṣe é, kò ní dá ọ lóhùn. Ìwé tí mo kọ lórí kókó yẹn dúró títí dòní. Ibi tí wọ́n bí ọ sí ló jẹ́ kó o mọ ohun tí àwọn kan á fi ọdún mẹ́wàá wá nínú ìwé. Má jẹ́ kí ó tì ọ́ lójú. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá ń fi àwọn òkú wọ̀nyẹn tó ń rí ìran ṣe ẹlẹ́yà, bi wọ́n pé ibo ni wọ́n wà lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá.

Wàyí o, alágbàfọ̀ náà.

O mọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń fọṣọ fún àwọn èèyàn ní ìlú èbúté kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù kan nínú ìjọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ ìwé pélébé kan jáde. Nínú rẹ̀, obìnrin náà wí pé ọba tí kò bá gbọ́ ohùn Ọlọ́run, àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ àwọn tó ń jọba lé lórí. Nígbà tí mo rí gbólóhùn yẹn ní ilé ìkàwé kan lókè òkun, mo kúrò lórí àga, mo rìn yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan kí n tó lè jókòó padà. Alágbàfọ̀ tí kò mọ̀wé ló gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, láìdúró de àwọn ọ̀mọ̀ràn! Mo kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóríyìn fún mi, wọ́n pè mí síbí, wọ́n pè mí sọ́hùn-ún. Orí àpilẹ̀kọ yẹn ni mo gùn dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, pẹ̀lú iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n òun ló wà níwájú.

Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, mo padà sí ilé ìkàwé náà fún ìwádìí mìíràn. Wọ́n gbé àpótí ìwé kan wá fún mi tí mi ò béèrè. Nínú rẹ̀ ni mo ti bá ewé bébà mẹ́jọ tí wọ́n fi ìkánjú kọ, tí íǹkì ti ta sí lára. Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé oníṣọ́ọ̀bù náà mọ̀, nítorí mo ti ka àwọn lẹ́tà rẹ̀ rí. Ohun tó kọ lẹ́bàá ibùsùn obìnrin náà gan-an ni, kó tó lọ tún un ṣe fún àwọn atẹ̀wé. Mo wá ibi tí gbólóhùn mi wà. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo bá ni: "Mo rí adé kan lórí àga òfìfo. N ò rí ẹni tó gbé e síbẹ̀. N ò mọ ti ta ni."

Mo mọ ohun tí mo ń wò. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé ìkàwé yẹn tó lè mọ̀ ọ́n tó mi. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn, mo dá àpótí náà padà, mi ò sì da ọ̀rọ̀ kan kọ nínú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún ìwádìí mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ka ìwé tí mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Mo ní àwáwí, wọ́n sì dára. Mo ní bóyá ewé mìíràn wà tó ti sọnù. Mo ní bóyá obìnrin náà sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Mo ní ìwé ìgbéga mi ti wà níwájú ìgbìmọ̀, kí n jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ ná. Wọ́n parí rẹ̀. Mo tún rí àwáwí mìíràn. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo ti sọ òwe yẹn fún ọ nígbà tó o wà ní kékeré, tó o jẹ ẹran inú ìkòkò tó o ní ológbò ni. Mi ò sọ ọ́ fún ara mi.

Ibì kan ṣì kù tó burú jù. Lẹ́yìn tí mo ti rí ewé mẹ́jọ yẹn, mo sọ̀rọ̀ lórí alágbàfọ̀ náà ní àpérò ẹ̀ka wa níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe oyè kejì lọ́dọ̀ wa dìde. Táyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó béèrè, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, pé báwo la ṣe mọ̀ pé obìnrin náà ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, tí kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́. Ìbéèrè tó yẹ gan-an ni. Mo wò ó láti òkè délẹ̀, mo ní, "Ṣé torí pé ó ń fọṣọ ni kò fi lè ronú, àbí torí pé obìnrin ni?" Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Táyọ̀ jókòó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi ẹ̀kọ́ ìtàn sílẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní bánkì.

Ṣọ́ra fún èsì tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún, ọmọ mi. Ohun tí mo sọ yẹn, òtítọ́ ni: alágbàfọ̀ lè ronú, obìnrin lè ronú. Mo mú òtítọ́ kan, mo fi na ẹni tó béèrè òmíràn. Nínú iṣẹ́ wa, àwọn èèyàn tó mọ̀wé gan-an ló máa ń ṣe é, wọ́n sì máa ń sùn dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Èmi sùn.

Lánàá, lẹ́yìn tí mo já fóònù rẹ, mo wá nọ́ńbà Táyọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan. Àgbàdo ló ń gbé, ó ti ní ọmọ mẹ́ta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìṣe àlàyé púpọ̀. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé lóòótọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo retí kó ní òun ti gbàgbé, bí ọmọlúàbí ṣe máa ń wí fún àgbà. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo rántí, mà. Ìyàwó mi gan-an mọ ìtàn yẹn." Ó dúpẹ́ pé mo pè. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa kọ ọ́ síta ni, àbí èmi nìkan lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ẹ̀ẹ̀kejì tó máa bi mí ní ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo dá a lóhùn. Mo ti kọ àtúnṣe náà sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ tó tẹ àpilẹ̀kọ mi nígbà náà. Ojú ewé méjì ni. Mo sọ ohun tí mo rí, ibi tí mo ti rí i, àti iye ọdún tí mo fi dákẹ́. Mo fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tìrẹ, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá kọ tìrẹ ṣáájú, mo lè rò pé mo ti ṣe tán.

Ó kù sọ́wọ́ rẹ.

O sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ ní ẹ̀ka ní kó o fi orí kẹta sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ta ló máa lọ yẹ ìwé àfọwọ́kọ wò, pé orúkọ ìyá rẹ nìkan ti tó ẹ̀rí. Ó fẹ́ràn rẹ ni, má bá a jà. Àwọn ọ̀gá tó fẹ́ràn wa ló máa ń fún wa nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àwọn tó kórìíra wa kì í ráyè. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o má sì ṣe é. Àwọn ewé mẹ́jọ yẹn ti wà lórí ẹ̀rọ ayélujára báyìí. Ìwọ rí wọn nínú pálọ̀ rẹ. Ẹlòmíì á rí wọn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o ṣe é nítorí pé wọ́n máa mú ọ. Ogún ọdún ni wọn ò fi mú èmi, ìyẹn gan-an ló bà mí jẹ́.

Mi ò ní tàn ọ́. Ó lè ná ọ ní nǹkan. Àwọn atẹ̀wé lè bínú. Ìwé náà lè pẹ́, ìfìdímúlẹ̀ rẹ náà sì lè pẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kọ̀wé sí wọn bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, má ṣe jẹ́ kó di ìparí oṣù. Sọ iye ọ̀sẹ̀ tó o nílò, kí o sì dúró lórí rẹ̀. Bí owó bá wọ́n ọ lásìkò yẹn, ilé yìí wà, yàrá rẹ sì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ ti kó báálì ìwé ìròyìn rẹ̀ síbẹ̀.

Má sọ orí kẹta nù. Ìbéèrè tuntun ti wà nínú rẹ̀ tó dára ju tèmi lọ: kí ló dé tí ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù kan fi fi ọ̀rọ̀ tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n sẹ́nu obìnrin tó ń fọṣọ? Ṣé ẹ̀rù ló bà á? Àbí ó gbà lóòótọ́ pé ohun tí obìnrin náà ń gbìyànjú láti sọ nìyẹn, bí èmi náà ṣe gbà ní Ẹ̀gbẹ́dá? Mi ò mọ̀. Wá a. Bí o kò bá sì rí i, kọ ọ́ sínú ìwé pé o kò mọ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀, irínwó ọdún ni a ò sì fi jẹ́ kó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ló kù. Mo mọ̀ pé òun ló mú kó o máa sọ pé bóyá ìwọ ni o ò kà á dáadáa. A kọ́ ọ pé ọmọ kì í sọ pé ìyá òun purọ́, pé ṣe ni àgbà máa ń ṣì í sọ. A kọ́ ọ dáadáa. Nínú pálọ̀ mi, kúnlẹ̀ kí mi, mi ò ní kó o má kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ nínú ìwé, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Táyọ̀ dìde dúró, mo mú kó jókòó. Mi ò fẹ́ mú kí ẹni kejì jókòó, pàápàá kó tún wá jẹ́ ẹni tí mo bí.

Mo rí orí kẹta tó o tún kọ, tó o fi ránṣẹ́ sí mi lánàá lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán. O ti gbìyànjú. O kọ ọ́ sínú àkíyèsí ìsàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà wínníwínní, pé "àwọn onímọ̀ kan lè ti gba gbólóhùn yìí gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò tó." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó níwà. Yọ ọ́ kúrò nísàlẹ̀, gbé e sókè sáàárín ọ̀rọ̀, kó o sì tún un kọ.

Má kọ "àwọn onímọ̀ kan". Èmi ni. Kọ orúkọ mi, èyí tí wọ́n fi tẹ àpilẹ̀kọ náà, kọ ọ́ pé mo ṣì í, pé mo rí àṣìṣe náà, tí mo sì dákẹ́. Fi ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ àtúnṣe mi síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè rí i. Lẹ́yìn náà, máa bá ìwé rẹ lọ.

Kí Ọlọ́run fi ọ́ sáàárín àwọn tó ń béèrè ìbéèrè, kó sì jẹ́ kó o fetí sí wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
tó ṣì ọ̀rọ̀ kọ.